Adé Mindaugas àti Ìjà Ẹbí Tó Bí Ìjọba Lituéníà

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdọọdún, bí aago bá ti lu mẹ́sàn-án alẹ́ ní Vilnius, àwọn ará Lituéníà a dìde dúró, wọn a kọ orin orílẹ̀-èdè wọn. Kì í ṣe àwọn tó wà nílé nìkan. Èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti èyí tó wà ní Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ló ń wo aago ilé kí ohùn wọn lè bá ti ilé ṣọ̀kan. Ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin àkọpọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń rántí ti lé ní 770 ọdún: ọjọ́ tí wọ́n dé Mindaugas ládé ní 1253. Òun ni ọba aládé àkọ́kọ́ tí Lituéníà ní. Kò sí òmíràn tó dé adé lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá péré ló fi lo adé náà. Àwọn tirẹ̀ ló pa á, òun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Kó tó kú pàápàá, ó ti kẹ̀yìn sí àwọn tó bá a wá adé ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ yìí ti gbé mi lọ́kàn pẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ọjọ́ tí adé gorí Mindaugas ni ìjọba Lituéníà bẹ̀rẹ̀, mi ò sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ìjọba náà ti wà nílẹ̀ kí adé tó dé, pé ìjà ẹbí ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé rí, àti pé ẹ̀rí tó dájú jù lọ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ọba, tí adé sì ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe lọ.

Ilẹ̀ igbó àti irà ni ilẹ̀ yìí, odò Nemunas àti odò Neris ló gbà á kọjá. Ìgbà òtútù ni ọ̀tá máa ń wọlé síbẹ̀, nígbà tí odò àti irà bá dì gbagidi débi tí ẹṣin lè sáré lórí wọn. Bí yìnyín bá ti yọ́, irà a tún di odi, àlejò tó bá ṣì wà nínú igbó a máa wá ọ̀nà àtijáde. Ọdún 1009 ni orúkọ ilẹ̀ náà kọ́kọ́ wọ inú ìwé, ikú ló sì gbé e wọ̀ ọ́. Ní Quedlinburg, ní Jámánì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kèfèrí bẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Bruno ti Querfurt lórí, òun àti 18 nínú àwọn tó bá a lọ, ní ààlà Rus (ilẹ̀ àwọn Slav ní ìlà-oòrùn) àti ibi kan tí wọ́n pè ní Litua. Lẹ́yìn ìyẹn, fún bí 200 ọdún, bí àwọn aládùúgbò bá dárúkọ wọn, ọ̀rọ̀ ogun ni: wọ́n wá, wọ́n kó ẹṣin, wọ́n kó màlúù, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì padà sínú igbó.

Ta ni olórí wọn nígbà náà? Ìwé àdéhùn kan ló dáhùn. Ní 1219, opó Roman, ẹni tó ti jọba Galicia àti Volhynia níbi tí Yukréìn wà lónìí, bá àwọn ará Lituéníà ṣe àlàáfíà, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, Daniel àti Vasilko. Orúkọ 21 ló wà lọ́dọ̀ àwọn ará Lituéníà. Márùn-ún ni ìjòyè àgbà: Živinbudas, Daujotas, Dausprungas, Mindaugas tí í ṣe àbúrò Dausprungas, àti Vilikaila. Àwọn tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ní ìdílé ní ìdílé, agbègbè ní agbègbè: Erdvilas àti Vykintas láti Žemaitija ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn ará ilé Ruškaičiai, àwọn ará ilé Bulaičiai, àti àwọn ìjòyè Deltuva. Kò sí ọba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: 21 ìjòyè tó lè fẹnu kò lórí àdéhùn kan ṣoṣo pẹ̀lú ìjọba òkèèrè, tí wọ́n sì mọ ẹni tó jẹ́ àgbà láàárín ara wọn, wọn kì í ṣe àwọn tó kàn ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nǹkan kan ti ń so wọ́n pọ̀.

Ohun kan wà nínú ìwé yẹn tí mo máa ń padà sí ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí akọ̀wé ará Volhynia tó ń kọ ìtàn ìgbà náà sílẹ̀ dé orí orúkọ Vismantas nínú àwọn ará ilé Bulaičiai, kò lè dákẹ́. Ó fi kún un pé Vismantas yìí ni Mindaugas pa, tó gba ìyàwó rẹ̀, tó sì pa àwọn arákùnrin rẹ̀, Gedvilas àti Sprudeikis. Àdéhùn àlàáfíà lẹ ń kà, ẹ wá bá òkú mẹ́ta nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé fi bọ àárín orúkọ yẹn sọ bí 21 ṣe di ọ̀kan ju ọ̀pọ̀ àlàyé gígùn lọ. Kò sí ìpàdé kankan tí àwọn ìjòyè ti dìbò yan Mindaugas. Ó pa àwọn kan, ó lé àwọn kan, ó fẹ́ opó àwọn kan, ó sì gba ilẹ̀ wọn mọ́ tirẹ̀.

Ìgbà ló sì bá a mu. Ní ìhà àríwá, àwọn ará Jámánì ti tẹ Riga dó ní 1201, wọ́n sì ti dá Ẹgbẹ́ Arákùnrin Onídà sílẹ̀ ní 1202, àwọn agẹṣin jagun tó jẹ́jẹ̀ẹ́ bíi mọ́ńkì, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi ogun sọ àwọn kèfèrí di onígbàgbọ́. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, Ẹgbẹ́ Teutonic, ẹgbẹ́ agẹṣin jagun Jámánì mìíràn, ti ń jẹ ilẹ̀ àwọn ará Prussia láti nǹkan bí 1230. Àwọn ará Prussia yìí jẹ́ ìbátan Lituéníà ní èdè àti ní ìsìn, gbogbo Lituéníà ló sì ń wò bí wọ́n ṣe ń pàdánù ilẹ̀ wọn, agbègbè kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí pé agbègbè kọ̀ọ̀kan ń dá jà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1236, ní ogun Saule, Žemaitija pa Ẹgbẹ́ Onídà run. Volkwin ọ̀gá wọn pàápàá kú sójú ogun. Àwọn tó ṣẹ́kù bọ́ sábẹ́ Ẹgbẹ́ Teutonic ní 1237, wọ́n di ẹ̀ka rẹ̀ ní Livonia, ilẹ̀ tó yí Riga ká. Ọ̀tá méjì wá di ọ̀kan. Ní ìhà ìlà-oòrùn ẹ̀wẹ̀, àwọn Mongol fọ́ Rus láàárín 1237 sí 1240, Kiev fúnra rẹ̀ ṣubú, àwọn ìlú Rus tó wà nítòsí sì di aláìníbaba. Mindaugas na ọwọ́ síbẹ̀. Naugardukas, tó wà ní Bẹlarus lónìí, bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ á lè bọ́ ọmọ ogun tí kò ní ilẹ̀ kankan tó ń dá, tó jẹ́ pé ọwọ́ olúwa rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ìjòyè tó wà nínú igbó pẹ̀lú ìránṣẹ́ àti ẹrú díẹ̀ kò lè bá a figagbága mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá kan ilé. Dausprungas kò sí nínú ìtàn mọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọmọkùnrin méjì sáyé, Tautvilas àti Edivydas. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Mindaugas ni wọ́n, ní ẹnu tiwa ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Ní nǹkan bí 1248, ó rán àwọn méjèèjì lọ gba Smolensk, ìlú Rus kan, pẹ̀lú Vykintas, arákùnrin ìyá wọn láti Žemaitija, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àdéhùn 1219. Ó ní ohunkóhun tí oníkálùkù bá gbà lọ́hùn-ún, tirẹ̀ ni kó jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Bàbá ń fún ọmọ láyè kó lọ wá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun náà kò yọrí sí rere. Wọ́n pa ọmọ ọba Moscow kan lójú ogun, lẹ́yìn náà àwọn ará Rus ṣẹ́gun wọn. Nígbà tí wọn yóò fi padà, Mindaugas ti gba ilẹ̀ wọn, ẹrú wọn àti ẹran ọ̀sìn wọn. Ó sì ti rán ènìyàn láti pa wọ́n. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan, ó ti pinnu pé koto tòun ni.

Wọ́n sá lọ bá Daniel ní Volhynia. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ, nítorí ìyàwó Daniel jẹ́ arábìnrin wọn. Mindaugas ránṣẹ́ sí Daniel pé kó má ṣe ṣàánú wọn. Daniel kò gbọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ránṣẹ́ sí àwọn ìjòyè Pólándì pé àkókò tó fún àwọn onígbàgbọ́ láti dìde sí àwọn kèfèrí, níwọ̀n ìgbà tí àwọn kèfèrí ti ń bá ara wọn jà. Àwọn Pólándì ṣèlérí, wọn ò wá. Ó wá rán Vykintas lọ bá àwọn Yotvingia (ẹ̀yà tó jẹ́ ìbátan Lituéníà ní gúúsù), àwọn ará Žemaitija àti àwọn ará Jámánì ní Riga. Vykintas fi fàdákà àti ẹ̀bùn púpọ̀ yí ọkàn àwọn Yotvingia àti ìdajì Žemaitija padà. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn dá Daniel lóhùn pé nítorí tirẹ̀ làwọn fi máa bá Vykintas ṣàlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn arákùnrin àwọn. Tautvilas fúnra rẹ̀ lọ sí Riga, ó sì gba ìrìbọmi níbẹ̀. Ogun yí Mindaugas ká láti gúúsù, láti ìwọ̀-oòrùn àti láti àríwá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì ń ṣáájú. Lọ́jọ́ yẹn Tautvilas ní ohun méjì tí Mindaugas kò ní: ọ̀rẹ́, àti orúkọ onígbàgbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá Lituéníà jà lórúkọ Ọlọ́run ti rí ọba tí yóò fi síbẹ̀.

Ohun tí Mindaugas ṣe lẹ́yìn èyí ló mú kí n máa kà á mọ́ àwọn olóṣèlú tó gbọ́n jù ní ayé ìgbà náà. Kò gbógun ti gbogbo wọn. Ó wo inú wọn, ó rí i pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ṣeé rà, òun náà ló sì lágbára jù. Ó ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ sí Andreas von Stierland, ọ̀gá Ẹgbẹ́ Teutonic ní Livonia, pẹ̀lú wúrà, fàdákà, àwo fàdákà àti ti wúrà, àti ẹṣin. Ó ní bí Andreas bá pa Tautvilas tàbí tó lé e jáde, yóò rí ju ìyẹn lọ gbà. Èsì Andreas ni pé ọ̀rẹ́ òun ni Mindaugas lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní rí ìgbàlà, kò sì ní borí ọ̀tá rẹ̀, àfi tó bá ránṣẹ́ sí Póòpù, tó sì gba ìrìbọmi. Ní 1251 ó gbà á. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún náà, Póòpù Innocent IV fi ìwé onídìdì jáde: ó gba Mindaugas àti ilẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ ààbò Pétérù Mímọ́, ó sì pàṣẹ fún Heidenreich, bíṣọ́ọ̀bù Chełmno, pé kó dé e ládé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìwé yẹn, torí pé inú rẹ̀ ni ohun tí Mindaugas rà gan-an wà. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá gbógun ti Lituéníà lè sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run lòun ń ṣe. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ilẹ̀ tó jẹ́ ti Pétérù Mímọ́ ni Lituéníà, ẹni tó bá sì gbógun tì í ń gbógun ti Róòmù. Kì í ṣe abẹ́ Riga ni bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò wà, kì í sì í ṣe abẹ́ ọba Jámánì kankan ni ọba rẹ̀ yóò wà. Ẹni tí wọ́n ń lé bí ẹran igbó lánàá ti di ojúgbà àwọn ọba tó kù. Daniel náà mọ iye tí nǹkan bẹ́ẹ̀ tó, nítorí ní nǹkan bí 1253 kan náà, òun pẹ̀lú gba adé lọ́wọ́ aṣojú Póòpù.

Tautvilas kò tíì jáwọ́. Ó kó àwọn Rus àti Yotvingia lọ dó ti Mindaugas ní odi rẹ̀, Voruta. Mindaugas kò jáde sí wọn ní gbangba. Ó wọ inú odi, ó rán àna rẹ̀ jáde lóru, ẹni yẹn sì tú wọn ká nínú òkùnkùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará Jámánì tó wá ràn án lọ́wọ́ jáde pẹ̀lú àkàtàm̀pó, àwọn Rus àti àwọn Polovtsy (agẹṣin darandaran láti pápá gúúsù) fi ọfà kojú wọn, àwọn Yotvingia fi ọ̀kọ̀. Akọ̀wé náà ní wọ́n ń lé ara wọn kiri pápá bí ẹni ń ṣeré. Nígbà tó yá, Mindaugas náà lọ ká wọn mọ́ Tviremet, odi Vykintas ní Žemaitija. Níbẹ̀, ọfà Polovtsy kan ba ẹṣin Mindaugas ní itan, ó sì yí padà sílé. Bí ọfà yẹn bá gòkè díẹ̀ sí i, a kò ní máa sọ̀rọ̀ adé rárá. Títí wọ́n fi sinmi, kò sí ẹgbẹ́ tó borí pátápátá, ṣùgbọ́n Tautvilas ò rí ìtẹ́ gbà, ohun tí Mindaugas ń fẹ́ náà nìyẹn.

Ìtàn elewì tí wọ́n kọ ní Livonia sọ pé Andreas lọ kí ọba àti Morta ìyàwó rẹ̀ nílé wọn, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ gan-an, lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí wọ́n ṣe adé méjì ní Riga, ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún aya. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1253, Heidenreich dé wọn ládé méjèèjì. Ọjọ́ kẹfà oṣù Keje tí wọ́n ń ṣe lónìí jẹ́ èyí tí òpìtàn Edvardas Gudavičius ṣírò láti inú àwọn ìwé ìgbà náà. Ọjọ́ Sunday ni, ó sì bá àṣà ìdéniládé mu. Láti 1991 ni ìjọba ti ń fi ọjọ́ náà ṣe ọjọ́ ìsinmi.

Owó adé kò pẹ́ kó tó di sísan. Nínú oṣù Keje kan náà, Mindaugas fọwọ́ sí ìwé tó fi ta Ẹgbẹ́ lọ́rẹ ilẹ̀ ní Žemaitija: ìdajì Raseiniai, ìdajì Betygala, ìdajì Ariogala àti àwọn ibòmíràn. Ẹ gbọ́ “ìdajì” yẹn. Mo rí ọwọ́ ẹni tó ń ṣírò níbẹ̀: ó ń fún wọn ní ohun tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò fún wọn tán. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, Žemaitija kì í ṣe ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́; ìdajì rẹ̀ ti bá Vykintas jáde sí i lógun lánàá. Ẹran ẹlẹ́ran ló fi ń ṣe ẹbọ. Kí Ẹgbẹ́ lọ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ bí wọ́n bá lè gbà á.

Ṣé ó gba Jésù gbọ́? Akọ̀wé Volhynia, tó kórìíra rẹ̀, ní ẹ̀tàn ni. Ó ní Mindaugas ń bọ àwọn òrìṣà rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀: Nunadiev, Teliavel, Diverikz àti Medein. Ó ní bí ó bá gun ẹṣin jáde sí oko, tí ehoro bá sáré gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò ní wọ inú igbó, kò ní dá ẹ̀ka igi kankan níbẹ̀. Ó sì ń sun òkú àwọn ènìyàn rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu ọ̀tá la ti gbọ́ ọ, síbẹ̀ mo gbà á gbọ́. Èmi ò sì rí i bí àgàbàgebè. Àwọn tí Mindaugas ń ṣàkóso, ọ̀nà àwọn baba wọn ni wọ́n wà. Àwọn tó rà ní ọ̀rẹ́, ọ̀nà Róòmù ni wọ́n wà. Ọba tó wà láàárín ìdajì méjì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò fara hàn nílé ìsìn àti ìgbà tí yóò dá ẹṣin dúró fún ehoro.

Ohun tí adé rà ni àlàáfíà ọdún díẹ̀. Ní 1254, Vaišvilkas ọmọ Mindaugas bá Daniel parí ìjà: ó fi Naugardukas, Slonim àti Volkovysk sílẹ̀ fún ọmọ Daniel kan láti máa ṣàkóso, arábìnrin rẹ̀ sì fẹ́ Shvarn, ọmọ Daniel mìíràn. Vaišvilkas fúnra rẹ̀ ti gba ìrìbọmi lọ́dọ̀ àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, ó sì lọ di mọ́ńkì. Tautvilas padà sábẹ́ bàbá kékeré rẹ̀, ó ń ṣàkóso Polotsk, ìlú Rus kan.

Žemaitija ló tú u ká. Àwọn tí wọ́n fi tọrẹ kò gbà pé wọ́n fi wọ́n tọrẹ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 1260, létí adágún Durbe, wọ́n ko ọmọ ogun Ẹgbẹ́ lójú, àwọn Curonia (ẹ̀yà etí òkun Baltic) tó wà lẹ́yìn Ẹgbẹ́ sì yí padà lójú ìjà. Agẹṣin 150 ló kú lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́, títí kan Burchard von Hornhausen, ọ̀gá Livonia. Prussia gbọ́, ó dìde. Treniota, ọmọ arábìnrin Mindaugas, tọ ọba lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Žemaitija: bí ó bá já ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́, wọn yóò gbà á ní olórí. Ìtàn elewì Livonia ní Morta kò fara mọ́ ọn. Ní 1261 Mindaugas gbà fún Treniota. Lójú àwọn kan, ìgbà yẹn ló ṣàṣìṣe. Lójú tèmi, ìgbà yẹn ló fi hàn pé ó mọ ohun tó jẹ́ ìjọba rẹ̀ àti ohun tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ orí rẹ̀. Adé lọ́wọ́ àjèjì tàbí Žemaitija lẹ́yìn rẹ̀, ó mú Žemaitija.

Ṣùgbọ́n ikú ilé ló ń pani. Morta kú. Mindaugas ránṣẹ́ sí arábìnrin Morta, ìyàwó Daumantas ìjòyè Nalšia, agbègbè kan ní Lituéníà, pé kó wá sunkún arábìnrin rẹ̀. Obìnrin náà wá. Mindaugas ní olóògbé ti sọ kó tó kú pé kí òun fi àbúrò òun ṣaya, kí obìnrin mìíràn má baà fìyà jẹ àwọn ọmọ. Ó sì dá a dúró. Daumantas gbọ́, kò pariwo. Ó lọ bá Treniota, àwọn méjèèjì sì jọ dì í. Ní ìgbà ìwọ́wé 1263, Mindaugas rán gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí Bryansk, Daumantas wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀, Daumantas ní ifá òun kò fọre, ó yí ẹṣin padà, ó sáré dé, ó sì pa Mindaugas àti ọmọ rẹ̀ méjì, Ruklys àti Rupeikis.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa rèé. Kò sí ọba mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó wá adé kiri. Bí adé ló so ilẹ̀ náà pọ̀, ìgbà yìí ló yẹ kó tú padà sí 21. Treniota gan-an bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó ránṣẹ́ sí Tautvilas ní Polotsk pé kó wá kí àwọn jọ pín ilẹ̀ Mindaugas àti ẹrù rẹ̀. Tautvilas wá. Nígbà tí wọ́n jókòó tì í, Treniota ń gbèrò bí yóò ṣe pa Tautvilas, Tautvilas ń gbèrò bí yóò ṣe pa Treniota, nítorí àwọn méjèèjì mọ̀ pé ohun tó wà nílẹ̀ kò ṣeé pín mọ́. Ará ilé Tautvilas kan tú àṣírí, Treniota sì kọ́kọ́ ṣe é. Ó pa á. Òun náà kò pẹ́: ní 1264, bó ṣe ń lọ wẹ̀, mẹ́rin nínú àwọn atọ́jú ẹṣin Mindaugas pa á. Àwọn ọmọkùnrin tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní oyè, tí olúwa wọn ti kú. Mo ti sọ̀rọ̀ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ṣáájú. Ọba ti lọ, àwọn ìránṣẹ́ ọba ṣì wà.

Vaišvilkas fi ilé mọ́ńkì sílẹ̀, ó wá gbẹ̀san bàbá rẹ̀. Ó kọlu Deltuva àti Nalšia, ó gba odi wọn. Deltuva tó ní ìjòyè mẹ́rin tirẹ̀ nínú àdéhùn 1219 di ilẹ̀ tí ẹni kan ṣoṣo ń ṣàkóso. Daumantas sá lọ sí Pskov, ó gba ìrìbọmi, ó jọba níbẹ̀ títí di 1299, àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Vaišvilkas gbé ilẹ̀ fún Shvarn àna rẹ̀ ní 1267, ó padà sí ilé mọ́ńkì, Leo ẹ̀gbọ́n Shvarn sì pa á lọ́dún kan náà nítorí pé Leo kọ́ ló gbé e fún. Shvarn kò pẹ́ níbẹ̀. Ní nǹkan bí 1270, Traidenis gba ibẹ̀, kèfèrí gidi, kò bá Róòmù dá nǹkan kan pọ̀, ó ṣàkóso títí di 1282. Ní ọdún méje péré, ìjókòó yẹn ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́rin lẹ́yìn Mindaugas, mẹ́ta nínú wọn kì í ṣe ọmọ rẹ̀, ẹnì kan nínú wọn kì í ṣe ará Lituéníà rárá, síbẹ̀ ìjókòó kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jà sí.

Ní 1918, nígbà tí Lituéníà tún ń wá ọ̀nà láti dá dúró, ìgbìmọ̀ rẹ̀ yan ọmọ ọba Jámánì kan, Wilhelm von Urach, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, pé kó wá jẹ́ Mindaugas Kejì. Kò dé ilẹ̀ náà rí. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá wọ́n fagi lé e, ìjọba sì ń lọ láìsí ọba.

Gediminas, olórí Lituéníà ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní 1323, ó kọ lẹ́tà sí àwọn ìlú Jámánì àti sí Póòpù láti Vilnius, ìlú tí lẹ́tà wọ̀nyẹn kọ́kọ́ dárúkọ. Ó pe àwọn oníṣòwò, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn agẹṣin, ó ní kí wọ́n wá, ọ̀nà ṣí. Kò tíì ṣe ìrìbọmi, kò sì ní ṣe é títí tó fi kú. Bíṣọ́ọ̀bù kankan kò fi òróró sí i lórí. Ó gbé kálàmù, ó sì fi oyè rẹ̀ ṣíwájú lẹ́tà náà: ọba àwọn ará Lituéníà àti ti ọ̀pọ̀ ará Rus.